Aṣọ Mààmi àti Téèpù Olójú Méjì

Gbogbo ẹgbẹ́ mi tí a jọ jáde ní yunifásítì ló lọ sí òkè òkun. Èmi náà lọ. Ọ̀tà ni mo lọ. Òkun kan ṣoṣo tí mo là kọjá ni adágún omi tó máa ń wà lójú ọ̀nà Ìdìrókò lẹ́yìn òjò, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn tó lọ sí Kánádà kò rí irú ìgbì bẹ́ẹ̀.

Sákétẹ́ ni ilé wa, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ará Ọ̀tà ń pè ní Kùtọnu, bí ẹni pé ìlú mìíràn kò sí nínú rẹ̀. Yorùbá ni wá. Yorùbá ni bàbá mi fi ń bá mi wí, Yorùbá náà ni Mààmi sì fi ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní ẹ̀yìn odi ni bí àwọn èèyàn ṣe ń yìn mí nítorí èdè tí mo bá wáyé.

"Ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa o!" Ọ̀rọ̀ tí mánéjà wa fi kí mi káàbọ̀ nìyẹn, ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàǹgó. Ọkùnrin náà máa ń de táì mọ́ ọrùn gádígádí nínú ooru ilé ààrò, bí ẹran tí wọ́n fẹ́ fà lọ sí ọjà. "Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Nílé wa ni, sà."

Ó mi orí. "Áà! Wọ́n ń sọ Yorùbá ní Faransé báyìí?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n mo rántí pé kò tíì fọwọ́ sí i kí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mo ní, "Díẹ̀díẹ̀, sà."

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún kò le. Bisikíìtì Ọ̀tà ń lọ sí Kùtọnu, ó ń lọ sí Tógò, ẹni tó ń rà á níbẹ̀ sì fẹ́ fi èdè Faransé ka ohun tó wà lára páálí. Èmi ni mò ń kọ ọ́. Mo ka ìwé lítíréṣọ̀ títí ojú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, mo kọ àpilẹ̀kọ gígùn lórí ìrora ọkàn nínú ewì, gbogbo rẹ̀ wá já sí: "Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tútù tí oòrùn kò dé." Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Nínú gbogbo àwa tí a jọ jáde, èmi nìkan ni wọ́n ń ka iṣẹ́ mi láti Ọ̀tà títí dé Lómé. Tí wọ́n bá jẹ bisikíìtì tán, wọn a fún páálí náà pọ̀, wọn a sọ ọ́ nù. Òǹkọ̀wé wo ni wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún?

Tí àlejò bá dé, mánéjà a ránṣẹ́ pè mí. "Ẹ wá gbọ́ Faransé gidi! Madam, ẹ bá wọn sọ nǹkan kan." Mo máa ń sọ fún wọn, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, pé kí wọ́n má ṣe to páálí náà ga jù lórí ara wọn. Wọn a pàtẹ́wọ́. Àlejò kan tiẹ̀ di ojú kó lè gbádùn rẹ̀.

Ibi tí ìdánìkanwà wà ni yàrá mi ní Ilo-Awẹla. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Kò sí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan tí mo rántí àwàdà kan, mo wá yíjú kí n sọ ọ́ fún ẹnì kan, ògiri ni mo bá. Àwọn aládùúgbò ń pè mí ní Ègùn. Mo ní èmi kì í ṣe Ègùn, wọ́n ní gbogbo Ègùn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo pe ọ̀kadà ní "sẹ́mijàn" bí a ti ń pè é nílé, ọlọ́kadà náà wẹ̀yìn wò, ó ní, "Àǹtí, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Tí mo bá wá lọ sílé fún ọdún, àwọn ẹ̀gbọ́n mi a ní ohùn mi ti di ohùn Nàìjíríà, pé mo ń pariwo. Bọ́dà kan ṣoṣo ló wà ní Ìdìrókò, ṣùgbọ́n ó jọ pé mo gbé òmíràn sẹ́nu.

Síbẹ̀, mo fẹ́ dúró. Mo fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ yàrá mi. Mo fẹ́ràn kí n jí ní ọjọ́ Sátidé kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ibo ni mò ń lọ. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn òórùn ṣúgà tó ń jóná láti ilé-iṣẹ́ wa, tó máa ń tẹ̀ lé mi dénú ọkọ̀ kórópe, tí àwọn èrò á máa wò mí bí ẹni tó fi bisikíìtì pamọ́.

Mààmi ni kò gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday ló máa ń pè, gbogbo ìpè rẹ̀ sì dọ́gba.

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, Mààmi."

"Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ń rọ̀, Mààmi. Òjò kan náà ni."

"Ṣé o ti gé e?"

Aṣọ kan ló ń wí. Ànkárá ni, aró ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè ló fò káàkiri orí rẹ̀. Ìgbà tí Mààmi lóyún mi ló rà á, ó sì pín in sí méjì. Ìdajì kan ló fi pọ̀n mí títí mo fi lè sá fún un. Ìdajì kejì ló tọ́jú, ó sì fi sínú àpótí mi lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ kan àti òfin méjì. Èkíní, ọwọ́ ara mi ni kí n fi gé e. Àlùmọ́gàjí ẹni tí kò mọ̀ wá kò gbọdọ̀ kàn án. Èkejì, n kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ó ní, "Aṣọ tó bá ṣì wà nínú àpótí, ẹni tó ni ín ṣì wà lójú ọ̀nà."

Mo fi í pamọ́. N kò mọ aṣọ í gé. Wọn kò kọ́ wa ní ìyẹn nínú ìrora ọkàn.

Ní Sunday kan, Mààmi kò béèrè bóyá mo jẹun. Ó ní, "Mò ń bọ̀ wá wò ọ́. Tí mo bá bá aṣọ yẹn nínú àpótí, kò sí àròyé mọ́. O ò tíì dé ibẹ̀ nìyẹn. A ó jọ padà. Iṣẹ́ tíṣà wà níbí. Ọ̀gá ilé-ìwé yẹn náà kò sì tíì fẹ́ ìyàwó mìíràn."

"Mààmi, bàbá yẹn ti dàgbà."

"Eyín ẹ̀ pé."

Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìyá Ràfíà nìyẹn. Iwájú ilé tí mò ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Láti Ilo-Awẹla dé abẹ́ afárá Sàǹgó, n kò rí télọ̀ kan mọ́. Gbogbo wọn ti di fáṣọ̀n dìsáínà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé yúnífọ́ọ̀mù jẹ́lé-ó-sinmi nìkan ló ń rán, ó kọ Páríìsì àti Mìláànù sára pátákó rẹ̀. Ohun tí Ìyá Ràfíà kọ sára tirẹ̀ ni: A Ń RÁN AṢỌ. Kí ẹ má rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó ní kíkùn ló tán.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ obìnrin yìí tó ń lé oníbàárà. Tí ẹnì kan bá mú aṣọ tuntun wá nínú ọ̀rá, kò ní tíì kí i tán tí yóò fi bi í pé, "Èyí tó wà nílé ti tán?" Bí mo ṣe ra ọ̀pá aṣọ kan kí n fi kọ́ṣẹ́, ó ní kí n lọ dá a padà sí ọjà. "Lọ tú àpótí ẹ. Ẹni tó láṣọ nílé tó tún ń ra òmíràn fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́, owó ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Mo tú àpótí. Kọ́tìnnì tí mo gbé wá láti ilé, tí kò bá fèrèsé ẹ̀yìn odi mu, di síkẹ́ẹ̀tì. Bùbá méjì tí ata bà jẹ́, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, di bùbá kan tí ata kò sí lára rẹ̀ rárá. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì kọ́tìnnì náà lọ síbi iṣẹ́. Mánéjà yí mi po, ó ní, "Ẹ wò ó! Wíwò lásán lèèyàn fi ń mọ aṣọ Páríìsì." N kò sọ fún un pé ihò tí a fi ń kọ́ ọ sára wáyà ṣì wà ní ìdí rẹ̀.

Ìyá Ràfíà fúnra rẹ̀ ló máa ń wọ̀n mí, tí yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ. Tèmi ni kí n gé, kí n rán. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ka nọ́ńbà fún gbogbo ayé. Èmi nìkan ló ń fi Yorùbá kà á fún, nítorí ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò dán mọ́rán. Ẹ rántí oore yìí. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fún mi lọ́kọ.

Ọjọ́ Sunday ni. Mààmi ń bọ̀ ní Sátidé. Aṣọ ẹlẹ́yẹ nìkan ló kù nínú àpótí, mo sì ti pinnu pé lọ́jọ́ náà ni màá gé e. Ìyá Ràfíà ti wọ híjáàbù, àsàlátù ló ń lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é láti òpópónà. Ó fa téèpù yọ ní ọrùn rẹ̀, ó wọ̀n mí lórí ìdúró.

"Tẹ́ kàbà rẹ tó bá ọ mu lé aṣọ náà lórí, gé e yípo. Ìyẹn ara nìyẹn. Ọwọ́ nìkan ni kí o wọ̀n. Gígùn ọwọ́, méjìlá. Ìyíká ẹ̀, mẹ́rìndínlógún. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Tún un wí."

"Méjìlá. Mẹ́rìndínlógún."

"Alihamudulilai." Ó lọ.

Mo wọ ofaróòlù ilé-iṣẹ́ wa kí n má ba aṣọ mìíràn jẹ́. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan tó gba ènìyàn méjì lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí, bí ẹni pé èdè Faransé máa ń ta epo sára. Mo gé ara kàbà, ó gún. Mo mú téèpù Mààmi jáde. Mo wọ̀n méjìlá. Mo wọ̀n mẹ́rìndínlógún. Mo rí i pé ó kéré. N kò ní purọ́, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé máa ń gba nọ́ńbà gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Mo ní bóyá aṣọ máa ń fà. Mo gé e.

Nígbà tí Ìyá Ràfíà dé, ó mú ọwọ́ aṣọ méjèèjì dání, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Níbo lo gbé ọmọ náà sí?"

"Ọmọ wo, mà?"

"Ọmọ tó ni ọwọ́ aṣọ yìí. Ṣé o ti bímọ ni, a ò gbọ́ ìkómọ?"

"Méjìlá lẹ wí."

"Méjìlá ni mo wí."

"Méjìlá náà nìyẹn, mà." Mo na téèpù sí i. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá jókòó.

"Kí ni kiní yìí? Sàǹtímítà! Íǹṣì lèmi ń wí o!"

"Ẹ ò wí bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ń wí íǹṣì? Tí mo bá ní kí o ra ẹyin wá, ṣé màá tún ní ti adìẹ ni?"

Mo yí téèpù náà. Ní òótọ́, íǹṣì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Àwa tí Faransé kọ́ níwèé, sàǹtímítà ni wọ́n fi wẹ̀ wá, kò sóhun tó lè mú wa yí téèpù wò. Mo wọ̀n àyà mi. Nílé, méjìlélàádọ́rùn-ún ni mí. Ní Ọ̀tà, mẹ́rìndínlógójì. Ara kan náà. Mo jókòó ti Ìyá Ràfíà, mo ń ronú pé ohun tó ń ṣe mí láti ìgbà tí mo ti dé nìyẹn gan-an. N kò sanra, n kò rù. Wọ́n kàn yí téèpù ni. Mo sọ èrò ńlá yìí fún Ìyá Ràfíà.

Ó ní, "Ó dáa. Fi rán ọwọ́ aṣọ ẹ."

Kò sí aṣọ tó kù. Àárín gbùngbùn èyí tó ṣẹ́ kù ni mo ti gé ọwọ́ ọmọ-ọwọ́ náà, bí ọmọ tí a kò kọ́ nílé ṣe máa ń bu ẹ̀bà láti àárín. Gbogbo etí rẹ̀ ti di tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyẹ kan kò ní orí, òmíràn kò ní ìrù.

"Màá ra irú ẹ̀ ní ọjà," ni mo wí.

"Aṣọ tí wọ́n fi pọ̀n ẹ́? Lọ bi wọ́n wò." Ó pòṣé. "Tú àpótí ẹ."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, mà."

"Kí ni ìyẹn tó o wọ̀?"

Mo wo ara mi. Ofaróòlù. Aró. Aró kan náà tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹyẹ Mààmi, fífọ̀ ló kàn ti jẹ́ kó ṣá díẹ̀.

"Bọ́ ọ."

"Níbí?"

"Wọlé lọ bọ́ ọ, màdáàmù Faransé!"

Àyà àti ẹ̀yìn ofaróòlù náà ló di ọwọ́ kàbà mi. Íǹṣì ni mo fi wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn tí mo rán an tán, bọ́tìnnì irin méjì ṣì wà ní apá òsì, Ìyá Ràfíà sì ní n kò gbọdọ̀ yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mààmi mọ aṣọ rẹ̀ bí ẹni mọ ọmọ.

"Sọ fún wọn pé àrà tuntun ni," Ìyá Ràfíà kọ́ mi. "Òun ni wọ́n ń wọ̀ l'Ékòó."

Ìyànà Ìyẹsí ni èmi àti Ìyá Ràfíà ti lọ pàdé Mààmi ní Sátidé. Mààmi sọ̀ kalẹ̀ láàrin àwọn kórópe àti àwọn tó ń polówó ọjà. Ìdajì àkọ́kọ́ aṣọ náà ló ró, èyí tó fi pọ̀n mí. Ẹyẹ inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ tán. Báàgì ńlá kan wà léjìká rẹ̀. Òfìfo ni. Mo mọ ohun tó fẹ́ kó sínú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ nínú kàbà náà. Kò wo ojú mi.

"Dìde. Yí."

Mo yí.

"Tún yí."

Dírẹ́bà kórópe kan yọrí. "Ìyá, ẹ ní kó tún un yí, àwa tó wà lẹ́yìn ò rí i dáadáa!"

Mààmi di apá mi mú. "Èyí kì í ṣe aṣọ mi."

Ìyá Ràfíà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo la ẹnu, àrà tuntun ti dé etí ètè mi. Ṣùgbọ́n Páríìsì ti pọ̀ jù lórí mi níbí, n kò lè gbé e lé Mààmi lórí pẹ̀lú. Mo ní, "Aṣọ ibi iṣẹ́ mi ni, Mààmi. Mo gé tiyín kéré jù."

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ó tún wò ó. "Ó hàn," ó wí. Títí a fi dé Ilo-Awẹla, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan nínú kórópe. Ìyá Ràfíà nìkan ló ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀.

Mààmi kò gba omi tí mo bù fún un. Ibi àpótí ló lọ tààrà. Ó ṣí i. Téèpù rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti ọwọ́ aṣọ kékeré méjì, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lára wọn. Ó mú wọn, ó fi ìka méjì bọ inú ọ̀kan.

"Wọ̀nyí ńkọ́?"

"Àṣìṣe ni. Mo fẹ́ dà wọ́n nù."

"Má dà á nù. Yóò bá ẹnì kan mu." Ó fi wọ́n sínú báàgì ńlá náà, ó sì ká báàgì náà kékeré, ó fi ṣe ìrọ̀rí, ó jókòó tì í. Mo dúró.

"Kiní tó o gé fi ṣe ọwọ́ yìí," ó wí, "ṣé ó kù?"

"Ẹsẹ̀ méjèèjì ló kù, Mààmi."

"Ó tó. Èmi náà fẹ́ bùbá tó ní irú ọwọ́ yìí. Tí mo bá padà sí Sákétẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé mo lọ sí ẹ̀yìn odi lọ wo ọmọ mi." Ó gba omi, ó mu ún. "Má yọ bọ́tìnnì ẹ̀."

Ìyá Ràfíà kò jẹ́ kó tún un sọ. Ó ti fa téèpù yọ ní ọrùn rẹ̀, ó ti ní kí Mààmi dìde, ó ti fi yí i láyà. Nítorí pé àlejò láti Kùtọnu ni, ó kà á fún un ní Yorùbá, kí ó lè yé e.

"Ogójì!"

Mààmi yíjú sí i.

"Ogójì kí ni?"